Wáìnì Lẹ́nu Adẹ́mu

Ẹ̀yìnkùlé bàbá mi ní Mọ́níyà ni mo ti ṣí ìgò náà,
nídìí ọ̀pẹ tí kò lè gùn mọ́
láti ọdún tí orúnkún ti kọ iṣẹ́ fún un.
Aṣọ méjì ni mo fi wé e nínú àpótí.
Ó wọ bàálù, ó wọ mọ́tò, ó gun ọ̀kadà láti Ọ̀jọ́ọ̀,
kò fọ́.

Bàbá gbé e sókè sí oòrùn, ó fojú kan wò ó.
"Ó mà pọ́n o. Ta ló fi ọ̀bẹ gé ara ẹ̀?"

Mo ní, abúlé kan ni, lẹ́bàá Bésíyè, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé,
níbi tí oòrùn ti ń jáde bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó.
Àjàrà ni wọ́n gbìn, ìlà-ìlà, títí dé ẹsẹ̀ òkè,
bí ọmọ ilé-ìwé láàárọ̀ Mọ́ńdè.
"Igi ọ̀hún ga tó báwo?"
Mo fọwọ́ kan ìbàdí mi.
Ó dákẹ́. "Wọn kì í gùn ún?"
"Wọn kì í gùn ún, Bàbá. Ńṣe ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ká a."
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀:
"Ẹmu tí èèyàn ò lè tìtorí ẹ̀ já bọ́!"
Ló bá gbójú sókè wo ọ̀pẹ,
ẹ̀rín sì tán.
Mo mọ ẹni tó rántí. Láwọ̀rè, àbúrò rẹ̀.
Igbà já lóṣù ọyẹ́.
Wọ́n gbé e wálé pẹ̀lú akèrègbè rẹ̀,
akèrègbè kò fọ́.

Mo yára sọ ti Màmá Ṣolánjì tó gbà mí sílé,
ẹni ọgọ́rin ọdún tó ń wọ bàtà òjò nínú ẹ̀ẹ̀rùn.
Ó mú mi wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀, ó tutù bí inú àmù.
Àwọn àgbá onígi sùn síbẹ̀ bí aboyún.
Ó ní, eléyìí, ọdún tí mo bí àkọ́bí mi.
Ó ní, eléyìí, ọdún tí ọkọ mi kú,
a ò tíì ṣí i.
"Ó ti tó ọdún mélòó?"
Mo ní ọgbọ̀n.
Bàbá di apá mi mú. "Ọgbọ̀n ọdún? Kò kan?"
Ẹmu tiwa, àárọ̀ ló ń dùn, ọ̀sán ló ń ho,
tó bá fi máa di ọ̀la, ó ti ń bú èèyàn.

Mo sọ ti ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè:
wọ́n ní ogun wọ̀lú láyé àtijọ́,
wọ́n dáná sun ún mọ́ àwọn tó sá sínú rẹ̀.
Màmá Ṣolánjì fọwọ́ kan ògiri náà
bí ẹni fọwọ́ kan orí ọmọ tí ibà ń ṣe.
Bàbá mi, ọmọ Ìbàdàn, ọmọ ibi tí ogun ti jókòó di ìlú,
mi orí.
"Ìlú tó bá lẹ́wà jù, gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ wò.
Wàá bá eérú."

Adẹ́mu kì í sọ gbogbo ohun tó rí lókè ọ̀pẹ.
Èmi ọmọ adẹ́mu, n kò sọ
pé Màmá Ṣolánjì bi mí léèrè
ta ni yóò máa dá ẹmu lẹ́yìn bàbá mi,
pé mo wo àjàrà, mo ṣe bí ẹni tí Faransé rẹ̀ tán.

Ahá ló ní kí n bù ú sí.
Ó ta díẹ̀ sílẹ̀ nídìí ọ̀pẹ, kò dárúkọ ẹnì kankan.
Ó mu ún. Ó pa ojú dé.
"Kò dùn," ó ní.
Ó tún mu.
"Kò dùn, àmọ́ ó mọ nǹkan."

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó fọ ìgò, ó dojú rẹ̀ délẹ̀.
Ó ní, ọmọkùnrin Àjíṣebútú ń dá ẹmu lọ́nà odò,
láàárọ̀ ọ̀la, kí n rọ ọ́ kún un, kí n fi ránṣẹ́ sí obìnrin yẹn.
Mo ní, "Bàbá, yóò kan kó tó kọjá Ọ̀jọ́ọ̀.
Yóò gbé ìdérí sọ nù."
Ó ní, "Mo mọ̀.
Jẹ́ kó kan.
Kó ṣáà mọ̀ pé a dáhùn."